Kí ló dé tí omi fi jẹ́ polar, tí CO₂ ò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́

Ọmọ SS2

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà, mo kí yín. Wọ́n ti kọ́ wa ní polar àti nonpolar ní kíláàsì, mo sì ti ka nóòtù mi dáadáa. Bí átọ́ọ̀mù méjì bá so pọ̀, tí ọ̀kan ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju èkejì lọ, ìdè àárín wọn di polar, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ní nẹ́gẹ́tíìfù díẹ̀, èkejì ní pọ́sítíìfù díẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni pé nínú CO₂, ọ́síjìn ń fà ju kábọ́ọ̀nù lọ, síbẹ̀ wọ́n ní mólékù náà kì í ṣe polar. Nínú H₂O, ọ́síjìn yẹn náà ló ń fà, wọ́n ní òun jẹ́ polar. Ṣé kì í ṣe ọ́síjìn kan náà ni? Mo bi àwọn tó jókòó tì mí, wọ́n ní kí n ṣáà há a bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ há a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Bọ̀ọ̀dá Físíìsì

Há a, jàre. H₂O polar, NH₃ polar, CO₂ nonpolar, CH₄ nonpolar. Àwọn mẹ́rin yìí ló máa ń jáde. Tó o bá ti mọ̀ wọ́n, máa lọ sórí organic.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má gba ọmọ olọ́mọ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó há mẹ́rin, ẹ̀karùn-ún ni wọ́n máa fi mú un. Kẹ́mísìrì ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀: wọ́n á kó CCl₄ àti CHCl₃ síwájú rẹ, wọ́n á ní kó o sọ èyí tó jẹ́ polar, kó o sì sọ ìdí rẹ̀. Nídìí "ìdí" yẹn ni máàkì wà.

Ọmọ mi, ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo lo sì ti dáhùn. Àkọ́kọ́: nínú ìdè kọ̀ọ̀kan, ta ló ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀? Ìyẹn ti yé ọ. Ìkejì: tí a bá kó gbogbo ìfà inú mólékù yẹn jọ, ṣé wọ́n pa ara wọn rẹ́ ni, àbí ó ṣẹ́ kù síbì kan? Ìdè lè jẹ́ polar kí mólékù má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

O ti rí bí wọ́n ṣe ń fokùn fa ọkọ̀ létí ọ̀sà. Ká ní ọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba so okùn mọ́ ọkọ̀ kan, ọ̀kan ń fà á sápá ọ̀tún, èkejì ń fà á sápá òsì. Okùn méjèèjì á le gbagidi, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. CO₂ nìyẹn. Ọ́síjìn wà lápá ọ̀tún, ọ́síjìn wà lápá òsì, kábọ́ọ̀nù wà láàárín, gbogbo wọn tò lórí ìlà kan, 180°. Okùn le, ìyẹn ni pé ìdè jẹ́ polar. Ọkọ̀ ò rìn, ìyẹn ni pé mólékù kì í ṣe polar. Wàyí o, jẹ́ kí àwọn ọkùnrin yẹn dúró sí èbúté kan náà, kí wọ́n kàn fàyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn. Tí wọ́n bá fà, ọkọ̀ á gba àárín wọn bọ̀. H₂O nìyẹn. Kò tò lórí ìlà, ó tẹ̀: 104.5° ló wà láàárín apá rẹ̀ méjèèjì.

Kí ló tẹ̀ ẹ́? Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ọ́síjìn kò fi so mọ́ ẹnikẹ́ni. Mẹ́fà ni ọ́síjìn ní ní ìta, ó fi méjì so mọ́ háídírójìn méjì, ó ku mẹ́rin, ìyẹn lone pair méjì. Ẹ ò lè rí wọn nínú fọ́múlà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba àyè, wọ́n sì ń ti àwọn ìdè sí apá kan. Kábọ́ọ̀nù inú CO₂ ní mẹ́rin, ó ti fi gbogbo rẹ̀ so mọ́ ọ́síjìn méjèèjì, kò ṣẹ́ ku ọ̀kankan tó máa ti ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí apá méjèèjì fi jìnnà síra wọn débi tí jíjìnnà lè dé.

Ọmọ SS2

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń dà mí láàmú. Nínú CO₂, àwọn tó ń fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́. Nínú omi, àárín ni ọ́síjìn tó ń fà wà. Ṣé ìyẹn ò wá da ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti okùn yẹn rú?

Ọmọ Yunifásítì

Kò dà á rú, ibi tí ọfà kọjú sí ló yí padà. Máa ya ọfà kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ èyí tó ń fà. Nínú CO₂, ọfà méjèèjì á ti àárín jáde, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn. Nínú omi, ọfà kan á ti ọ̀dọ̀ háídírójìn kọ̀ọ̀kan wọlé sọ́dọ̀ ọ́síjìn. Nítorí pé omi tẹ̀, méjèèjì jọ fì sí apá ibi tí ọ́síjìn wà, wọn ò lè pa ara wọn rẹ́. Ká ní omi náà tò tààrà ni, ọfà rẹ̀ méjèèjì ì bá dojú kọ ara wọn, omi ì bá sì jẹ́ nonpolar.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fígọ̀: Linus Pauling, ará Amẹ́ríkà, ló gbé òṣùwọ̀n electronegativity (bí átọ́ọ̀mù ṣe ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó) tí ẹ ń lò níléèwé jáde ní 1932. F jẹ́ 3.98, O 3.44, Cl 3.16, N 3.04, S 2.58, C 2.55, H 2.20. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. O àti H: 1.24. C àti O: 0.89. N àti H: 0.84. C àti H: 0.35 péré. Odindi mólékù ńkọ́? Debye là ń fi wọn ìyẹn, orúkọ Peter Debye tó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì ní 1936. Omi jẹ́ 1.85, amóníà 1.47, CO₂ òdo. Ẹ fi ojú sí i: ìdè C àti O polar ju ìdè N àti H lọ díẹ̀, síbẹ̀ CO₂ ló ní òdo, tí amóníà sì ní 1.47.

Bọ̀ọ̀dá Físíìsì

Òfin wà fún nǹkan yìí o. Tí ìyàtọ̀ bá kéré sí 0.5, nonpolar. Láti 0.5 dé 1.7, polar. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ionic, ìyẹn ni pé ọ̀kan gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ èkejì pátápátá. Kí lẹ wá ń da ọmọ láàmú fún? H₂S jẹ́ 0.38, nonpolar, ó parí.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, wọ́n ti wọn H₂S, 0.97 debye ni. Kò tó ti omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Ó tẹ̀ bí omi ṣe tẹ̀, lone pair méjì wà lórí S rẹ̀.

Ẹ tún wo BF₃. B jẹ́ 2.04, F jẹ́ 3.98, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.94. Òfin yín á ní ionic ni. Gáàsì ni, mólékù rẹ̀ sì jẹ́ nonpolar, torí pé F mẹ́ta ló yí B ká, 120° sí ara wọn, kò sí lone pair kankan lórí B. Atọ́nà ni 0.5 àti 1.7 yẹn, ìwé mìíràn tiẹ̀ máa ń kọ 0.4. Ìdè ni wọ́n ń sọ, wọn ò mọ nǹkan kan nípa ìrísí.

Bọ̀ọ̀dá Físíìsì

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ṣáà mọ nọ́ńbà yẹn, wọ́n á bi í.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Kó mọ̀ ọ́n. Kó má ṣáà fi í parí ìdáhùn.

Awakọ̀ Ojú Ọ̀sà

Mo kàn ń kọjá lọ ni o, mi ò ka kẹ́mísìrì. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà ló fà á tí bẹntiróòlù tó bá jò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa fi máa ń léfòó lójú omi, tí á máa yọ oríṣiríṣi àwọ̀? Ọmọ èrò kan bi mí, mo ní bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ ni. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé nonpolar ló fà á. Ta ló jàre nínú wa?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ kú ewu ojú omi. Ẹ̀yin lẹ jàre ní ti léléfòó, tíṣà wọn ló jàre ní ti àìlúpọ̀. Nǹkan méjì lẹ rí níbẹ̀, orísun wọn ò sì jọra.

Pé ó léfòó, ọ̀rọ̀ ìwúwo ni. Lítà omi kan jẹ́ kílógírámù kan, lítà bẹntiróòlù kan kò tó bẹ́ẹ̀, ó wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Pé kò lú mọ́ omi, ìyẹn ni ti polar àti nonpolar. Ẹ wo CCl₄, ohun olómi kan tí a ń lò ní láàbù tẹ́lẹ̀: lítà kan rẹ̀ tó kílógírámù 1.59. Tí wọ́n bá dà á sínú omi, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, kò léfòó rárá, síbẹ̀ kò ní lú mọ́ omi, torí nonpolar ni. Ẹ wá wo ògógóró. Ọtí inú rẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ, ṣé ẹ ti rí i kó léfòó lọ́tọ̀ rí? Ó ń wọnú omi lọ wẹ́rẹ́ ni, gbogbo ẹni tó ń bomi là á ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé "òróró léfòó nítorí pé ó jẹ́ nonpolar", ìlà pupa la máa ń fà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ó máa ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ ọ. Wọ́n á ní òróró ń sá fún omi. Òróró ò sá fún ẹnikẹ́ni. Omi ló di omi mú. Ẹ̀gbẹ́ háídírójìn mólékù omi kan ní pọ́sítíìfù díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ́síjìn mólékù kejì ní nẹ́gẹ́tíìfù díẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Kí mólékù òróró tó ráyè wọ àárín wọn, àfi kí omi jáwọ́ lára omi, òróró ò sì ní ohun tó máa fi dí i fún un. Dídìmú yẹn náà ni kò jẹ́ kí omi hó títí yóò fi dé 100°C. H₂S tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì omi ń hó ní nǹkan bí −60°C, ìyẹn ni pé gáàsì ni lọ́dọ̀ wa níbí, òun ni òórùn ẹyin tó bà jẹ́.

Awakọ̀ Ojú Ọ̀sà

Ẹ ṣé, sà. Tí ọmọ yẹn bá tún wọ ọkọ̀ mi, màá bi í léèrè ògógóró.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjà ẹja Olúwo ni mo wà, ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹja yíyan máa ń fi ọ̀rá sí mi lọ́wọ́. Omi lásán kì í bọ́ ọ, ọṣẹ ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òórùn ẹja tútù, ọṣẹ gan-an kì í kápá rẹ̀ tán, ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń pa á. Kí ló dé tí oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì? Ọmọ mi ní ẹ̀yin lẹ máa mọ̀.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ kú òógùn.

Ọ̀rá ẹja: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n gùn, ìdè C àti H ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ polar. Omi ò rí ibi dì í mú. Mólékù ọṣẹ ní tiẹ̀ ní orí àti ìrù. Ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn, ọ̀dọ̀ ọ̀rá ló ń lọ. Orí rẹ̀ ní nẹ́gẹ́tíìfù gidi, kì í ṣe díẹ̀, ọ̀dọ̀ omi ló kọjú sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á yí ẹ̀kán ọ̀rá kan ká, ìrù nínú, orí níta, omi á wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ láìmọ̀ pé ọ̀rá lòun gbé.

Ti òórùn yàtọ̀. Ohun tó ń rùn lára ẹja, pàápàá ẹja òkun, trimethylamine ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òun jẹ́ polar, kò le púpọ̀, ó sì ń yòrò nínú omi. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń tètè fò sínú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà wọ imú. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ á sọ ọ́ di iyọ̀. Iyọ̀ kì í fò. Ó dúró sínú omi, ẹ ṣàn án dànù, ó tán. Torí náà, ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ polar àti nonpolar, òórùn ni ọ̀rọ̀ ásíìdì àti básì.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ máa dàgbà, ẹ máa dògbó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja tó dára kó wá mi wá.

Alárò

Ẹlẹ́ja ti rí tiẹ̀ gbà, ó kù mí. Ẹ̀lú. Tí mo bá po aró búlúù sínú omi lásán, gbogbo rẹ̀ á wà nílẹ̀ ìkòkò. Láyé àwọn ìyá wa, omi eérú ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó kan. Ní tèmi, kọ́sítíìkì àti háídírò ni, kẹ́míkà méjì tí àwa alárò ń lò. Ìgbà yẹn ni aró tó máa wọnú omi, omi á ní àwọ̀ ewé tó fi díẹ̀ pọ́n. Tí mo bá fa aṣọ jáde, ó di búlúù lójú mi. Ṣé polar ló di nonpolar ni?

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, mà. Mólékù aró búlúù yẹn tẹ́jú, wọ́n sì di ara wọn mú gírígírí, omi ò rí wọn yà. Háídírò fún un ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kọ́sítíìkì gba háídírójìn lára rẹ̀, ó wá di ohun tó ní nẹ́gẹ́tíìfù gidi, omi á sì gbà á. Tí aṣọ bá jáde sáfẹ́fẹ́, ọ́síjìn á gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn padà, aró á padà di búlúù tí kò lè yòrò, inú okùn aṣọ ló sì há sí. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ kì í fi í tètè mú un kúrò.

Àbúrò SS2, má kọ èyí sínú ìdánwò polar o, tiwọn yàtọ̀.

Ọlọ́sìn Ẹja

Kí n béèrè tèmi kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ polar ló ń yòrò nínú omi. O₂ jẹ́ nonpolar. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹja mí nínú omi nígbà náà?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìbéèrè yìí dára ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ láti àárọ̀ lọ.

"Bíi rẹ̀ ló ń yòrò nínú bíi rẹ̀" tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń sọ èyí tó pọ̀ àti èyí tó kéré ni. Kò sọ pé òdo ni. Omi tó wà ní 25°C tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lórí kì í gba ju nǹkan bíi mílígírámù mẹ́jọ ọ́síjìn lọ nínú lítà kan. Mílígírámù mẹ́jọ o, ẹ rò ó wò. Iyọ̀ tí ìyàwó ilé ń bù sọ́bẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta gírámù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kan kó tó kọ̀ láti yòrò. Ìwọ̀nba mílígírámù mẹ́jọ yẹn ni epìà àti wẹ́sáfù inú ọ̀sà wa ń fi mí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yin ọlọ́sìn fi ń wàhálà lórí fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Tí oòrùn bá mú omi gbóná, èyí tó ń gbà tún dín kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ gan-an ló burú jù, torí láti òru wá, ẹja ń mí, èéhọ̀n náà ń mí, kò sì sí oòrùn tí èéhọ̀n máa fi ṣe ọ́síjìn míì.

Ọlọ́sìn Ẹja

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń yọ ẹnu sókè omi. Ẹ ṣé.

Àǹtí Láàbù

Mo ń ka gbogbo yín láti òkè wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ọmọ yìí bí ẹni tó ń ṣètò láàbù.

Ẹ má jẹ́ kó lọ wá CCl₄ kiri. Ó lóró, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ilé ìwé púpọ̀ ò tiẹ̀ lò ó mọ́. Ohun tó wà nílé tó o. Mú ife mẹ́ta: omi, kẹrosíìnì díẹ̀, spirit tí wọ́n ń fi nu egbò. Jìnnà sí iná àti ṣítóòfù. Fi ṣúgà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, rò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́ káfúrà tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ sí wẹ́wẹ́, fi ìyẹn náà dán an wò nínú ife mìíràn. Ṣúgà á wọnú omi, kò ní wọnú kẹrosíìnì. Káfúrà á wọnú kẹrosíìnì, inú omi á sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ife. Spirit á mú ọ ronú, torí mólékù rẹ̀ ní apá O–H tó bá omi mu àti apá kábọ́ọ̀nù tó lè bá ti káfúrà mu díẹ̀. Kọ ohun tó o bá rí sílẹ̀ kó o tó wo ìwé.

Èkejì, pépà ń tan yín jẹ. Mólékù kì í tẹ́jú bí ẹ ṣe ń yà á. Mú ọ̀wọ̀ ìgbálẹ̀ mẹ́rin àti amọ̀ tàbí òroǹbó wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n, gún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọ̀kan ní àárín kí wọ́n jìnnà síra wọn dọ́gba. 109.5° nìyẹn. Màmá rẹ á bínú sí ìgbálẹ̀ yẹn, fara dà á.

Bọ̀ọ̀dá Físíìsì

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣe ti kóòmù. Kó fi kóòmù ya irun gbígbẹ, kó gbé e súnmọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn tín-ín-rín, omi á tẹ̀ wá. Ẹ̀rí polar nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù, Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀rinrin jù nígbà òjò, kóòmù kì í gba iná.

Ọmọ Yunifásítì

Kó ṣe é, ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n kó má pè é ní ẹ̀rí. Kóòmù máa ń kó iná tó yàtọ̀ sí tirẹ̀ wọ inú omi tó ń ṣàn náà, ìyẹn ló ń fà á jù, kì í ṣe pé mólékù omi ń yí orí padà nìkan. Máíkíróweefù ló sún mọ́ ẹ̀rí jù, bí iná bá wà: ó ń mú kí mólékù polar máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọbẹ̀ tó lómi nínú á gbóná, àwo gbígbẹ tó ṣófo kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ọmọ fúnra rẹ̀. SS2, dáhùn, kó o sì sọ ìdí: SO₂, NH₃, CH₄, CCl₄, CHCl₃, HCN.

Ọmọ SS2

Mo gbìyànjú, sà.

SO₂: polar. Mo kọ́kọ́ rò pé á dà bíi CO₂, ṣùgbọ́n S ní lone pair kan, ó tẹ̀.
NH₃: polar. Lone pair kan wà lórí N, H mẹ́ta wà lápá kan.
CH₄: nonpolar. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra, wọ́n sì tò yíká dọ́gba.
CCl₄: nonpolar. Ìdè rẹ̀ polar, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa ara wọn rẹ́.
CHCl₃: polar. Cl mẹ́ta ń fà, H ò lè dọ́gba pẹ̀lú wọn.
HCN: ó tò tààrà bíi CO₂, torí náà nonpolar.

Àǹtí Láàbù

Márùn-ún gba máàkì. Wo HCN dáadáa.

Ọmọ Yunifásítì

Títò tààrà nìkan ò tó, àbúrò. CO₂ ní ohun kan náà ní òpin méjèèjì. HCN ní H ní òpin kan, N ní èkejì. N ń fà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lọ́dọ̀ C, C náà ń fà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ H, ọfà méjèèjì kọjú sí apá kan náà. Polar ni, 2.98 debye, ó ju omi lọ.

Ọmọ SS2

Háà. Mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, O₃ ńkọ́? Átọ́ọ̀mù kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ òdo. Nonpolar ni, àbí?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ibẹ̀ ni òfin ìyọkúrò ti ń já èèyàn kulẹ̀. O₃ tẹ̀, nǹkan bíi 117°, torí lone pair kan wà lórí ọ́síjìn àárín. Ọ́síjìn àárín tún ń pín nínú ìdè ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, òun ní pọ́sítíìfù díẹ̀, àwọn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nẹ́gẹ́tíìfù díẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, 0.53 debye. Kékeré ni, ṣùgbọ́n polar ni. Wọn kì í sábà bi SS2 ní èyí.

Àǹtí Láàbù

Èyí tí wọ́n lè bi í nìyí: CH₂Cl₂. Tó bá yà á sórí pépà, Cl kan lókè, Cl kan nísàlẹ̀, H kan lọ́tùn-ún, H kan lósì. Ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ pa ara wọn rẹ́. Kó má dáhùn títí yóò fi fi ìgbálẹ̀ ṣe é.

Ọmọ SS2

Mo ti ṣe é, mà. Mo fi amọ̀ pupa ṣe Cl, mo fi funfun ṣe H. Bí mo ṣe yí i tó, kò síbi tí Cl méjèèjì ti dojú kọ ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ń fì sí nígbàkigbà. Polar ni.

Ọmọ Yunifásítì

Ó pé. 1.60 debye. SF₆ lọ́la: ọ̀wọ̀ mẹ́fà ni wàá nílò.

Ọmọ SS2

Màmá mi ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Màá fi ẹnu dáhùn: mẹ́fà yẹn á dojú kọ ara wọn ní méjì méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí lone pair lórí S nítorí ó ti fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà so mọ́ F. Nonpolar.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Gba máàkì rẹ. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ìwé.